Ìsopọ̀ Ẹ̀rọ Adàkọ-Ìpàdé mọ́ Ibùdó Àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

Ìsopọ̀ ẹ̀rọ adàkọ-ìpàdé mọ́ ibùdó àkọsílẹ̀ ni ètò tí a fi ń mú kí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì di kíkọ sílẹ̀ láìsí ọwọ́ akọ̀wé, kí àkọsílẹ̀ náà sì dé ojú-ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ ń lò láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé e lọ. Ohun èlò méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ adàkọ, tí ń gbọ́ ohùn tí ó sì ń sọ ọ́ di lẹ́tà. Irú rẹ̀ ni Otter, àti àwọn tí a kọ́ mọ́ inú Zoom, Google Meet àti Microsoft Teams. Èkejì ni ibùdó àkọsílẹ̀, ìyẹn àkójọ ojú-ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lè kà, tí wọ́n lè kọ nǹkan sí, tí wọ́n sì lè tún ṣe nígbàkígbà. Irú rẹ̀ ni Notion àti Confluence.

Bí a bá wò ó lóréfèé, iṣẹ́ náà kò ju kí a gbé fáìlì láti ibì kan dé ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni ohun tí ń gba ibẹ̀ kọjá, ibi tí ó sì ń lọ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí ó ṣòro jù nínú ètò yìí kò fi jẹ́ ti ẹ̀rọ rárá: ta ni ó ka àkọsílẹ̀ náà, tí ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, kí àwọn ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí i?

Àdàkọ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ẹgbẹ́ àwọn òbí ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ní Sókótó tàbí ní Calabar, mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, akọ̀wé a dìde, a ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá. Alága a béèrè bóyá àtúnṣe wà. Ẹnì kan lè sọ pé òun wá ṣùgbọ́n orúkọ òun kò sí nínú ìwé. Ẹlòmíràn lè sọ pé 5,000 náírà ni wọ́n fẹnu kò sí, pé 3,000 tí akọ̀wé kà kò tọ̀nà. Nígbà tí àtúnṣe bá parí, ẹnì kan a dábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹnì kejì a sì kín in lẹ́yìn. Ìgbà náà ni ohun tí akọ̀wé kọ tó di ti ẹgbẹ́.

Àwọn aṣòfin náà kò yàtọ̀. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní Abuja, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ti inú ìjókòó kan jáde. Ọ̀kan ni Hansard, tí ń kọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ó gba orúkọ náà láti ọ̀dọ̀ Thomas Curson Hansard, atẹ̀wé ará Lọ́ńdọ́nù tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èkejì ni Votes and Proceedings, tí kò kọ ju ohun tí a dábàá àti ohun tí a pinnu lọ. Èkejì yìí ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí, ní ìjókòó tí ó bá tẹ̀lé e. Òfin ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí CAMA, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2020, pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpàdé rẹ̀. Bí alága ìpàdé náà tàbí alága èyí tí ó tẹ̀lé e bá sì fọwọ́ sí i, ẹ̀rí ni lójú òfin. Òfin kan náà ni ó fàyè gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láti ṣe ìpàdé gbogbogbòò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, nítorí náà ọ̀ràn àdàkọ kò jìnnà sí i mọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Hansard àti Votes and Proceedings ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àdàkọ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Àdàkọ ń sọ ohun tí ẹnu sọ. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ gbà pé òun ṣe. Ìsopọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan bí a kò bá ṣọ́ra, nítorí pé ẹ̀rọ kì í dìde kàwé níwájú ìpàdé.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ni a fi ń lé ọ̀rọ̀ bá. Isaac Pitman ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà ìkọ̀wé kíákíá rẹ̀ jáde ní 1837, ìlànà náà sì wá di ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ kọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ orúkọ ṣọ́tọ́háǹdì. Ibùdó àkọsílẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ward Cunningham ará Amẹ́ríkà ni ó ṣí wiki àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1995. Inú èdè Hawaii ni ó ti yá orúkọ náà, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kíákíá. Confluence tẹ̀lé e ní 2004. Notion, tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣí ọ̀nà fún ẹ̀rọ mìíràn láti máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ ní 2021. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ OpenAI fi Whisper síta fún ẹnikẹ́ni láti lò lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ̀rọ adàkọ tí a fi ohùn tí ó tó wákàtí 680,000 kọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún ẹgbẹ́ kékeré láti ní ẹ̀rọ adàkọ tirẹ̀.

Bí ìsopọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

A ó fi Zoom àti Notion ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlànà méjèèjì wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Nígbà tí ìpàdé tí a gbà sílẹ̀ bá parí, Zoom a mú ohùn rẹ̀, a dà á kọ, a sì fi àdàkọ náà sínú fáìlì VTT. Fáìlì yìí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan: àkókò tí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀, àkókò tí ó parí, orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, àti ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Zoom yóò ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹgbẹ́ ti fún un tẹ́lẹ̀ pé àdàkọ ti ṣe tán. Irú ìránṣẹ́ ẹ̀rọ-sí-ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní webhook. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà àtijọ́ dà bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí ènìyàn máa lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá lẹ́tà òun ti dé, àti kí olùpín-lẹ́tà wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ilé lè kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà Zoom máa ń fi àmì kan sára ìránṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi kódù ìkọ̀kọ̀ tí òun àti ẹni tí ń gbà á nìkan mọ̀ ṣírò. Ẹ̀rọ tí ń gbà á gbọ́dọ̀ tún ìṣírò náà ṣe. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kí ó da ìránṣẹ́ náà nù. Àwọn tí ń kánjú kọ́ ìsopọ̀ sábà máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n sì máa ń tipa bẹ́ẹ̀ fi ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí ìránṣẹ́ bá ti jẹ́ òótọ́, ẹ̀rọ agbedeméjì yóò lọ gba fáìlì náà, yóò sì kọ ọ́ sí Notion. Níbí ni ìwọ̀n ti dé. Notion kì í gba ju lẹ́tà 2,000 lọ nínú ègé ọ̀rọ̀ kan, kì í gba ju ìpínrọ̀ 100 lọ nínú ìbéèrè kan, ó sì fẹ́ kí ìbéèrè máa wá ní ìwọ̀n mẹ́ta péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ ní wákàtí kan lè súnmọ́ 9,000. Èyí túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ gé àdàkọ náà sí wẹ́wẹ́ kí a tó fi ránṣẹ́, ibi tí ó sì yẹ kí a ti gé e ni ibi tí ẹnì kan ti dákẹ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn ka lẹ́tà 2,000 tí ó sì gé e yóò gé gbólóhùn ènìyàn láàárín.

Àṣìṣe mẹ́ta kan wọ́pọ̀ tí kì í hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Webhook lè dé lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já kí ẹni tí ń gbà á tó dáhùn, ojú-ìwé méjì a sì wà fún ìpàdé kan. Àwọn kan a tún èyí ṣe, àwọn yòókù a máa ka èkejì. Lẹ́yìn èyí, ìpàdé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sábà máa ń ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí Zoom láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà yẹn dá ojú-ìwé mọ̀, ti ọ̀sẹ̀ yìí yóò pa ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá rẹ́, tàbí kí ẹ̀rọ rò pé òun ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ó sì pa á tì. Zoom ní àmì mìíràn fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ń pè ní UUID. Òun ni ó yẹ ká lò. Ẹ̀kẹta ni ti aago. UTC ni Zoom fi ń kọ àkókò. Accra àti Dakar wà lórí aago yẹn gan-an, ṣùgbọ́n Nàìjíríà, Benin àti Niger fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Bí a kò bá ṣe ìyípadà, ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Kánò yóò wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ti aago mẹ́jọ, ẹni tí ó dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ yóò sì dà bí ẹni tí ó pẹ́.

Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tí ó mọ kódù í kọ lè lo ẹ̀rọ agbedeméjì tí ẹlòmíràn ti kọ́, bíi Zapier, Make tàbí n8n. Èyí tí a dárúkọ gbẹ̀yìn ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Ohun yòówù tí a bá lò, orúkọ ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a fi gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì òṣìṣẹ́ kan ni a fi ṣe é, ìsopọ̀ náà yóò kú ní ọjọ́ tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ó lè máà kú.

Èdè àti àṣìgbọ́

Ẹ̀rọ adàkọ ń gbọ́ ohun tí a fi kọ́ ọ. Ohùn tí a fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń kọsẹ̀ lórí Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Enugu tàbí ní Kumasi. Àwọn olùwádìí gbìyànjú láti dí àlàfo yìí ní 2023 nígbà tí wọ́n gbé AfriSpeech-200 jáde, àkójọ ohùn wákàtí 200 ti àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ti àwọn èdè abínibí tún le sí i. Yorùbá àti Haúsá wà nínú àwọn èdè tí Whisper sọ pé òun mọ̀. Ìgbò kò sí níbẹ̀. Àkójọ NaijaVoices, tí ó ní ohùn wákàtí 1,800 ní Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá, wà lára ohun tí a lè fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń bọ̀.

Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ mọ èdè, ìkọsílẹ̀ rẹ̀ lè sọ ìtumọ̀ nù. Ní Ìgbò, lẹ́tà mẹ́rin a-k-w-a lè jẹ́ ẹkún, aṣọ, ẹyin tàbí ibùsùn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yà wọ́n. Ní Haúsá, kira ni ìpè, ƙira sì ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò ní lẹ́tà onígọ̀ọ́kọ̀ yóò kọ méjèèjì bákan náà. Àti pé ta ni ó ń ṣe ìpàdé ní èdè kan ṣoṣo? Ẹnì kan a bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, a fi Píjìn ṣe àwàdà, a sì fi èdè ilé rẹ̀ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ohun tí ó dùn ún gan-an. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù nínú ìpàdé ni ibi tí àdàkọ ti sábà máa ń di wótòwótò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 55, ti sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi ṣe iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, a ó sì lè fi Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá kún un nígbà tí ètò tí ó yẹ bá ti wà fún un. Ẹ̀rọ adàkọ tí ó gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa ì bá jẹ́ apá kan irú ètò bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tí a tètè ń rí kò léwu púpọ̀. Gbólóhùn tí kò nítumọ̀ a máa fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tí ó léwu ni èyí tí ó ka dáadáa. “Fifteen” di “fifty”, àpò tí a fẹ́ ná a sì fẹ̀ sí i ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. “We can't approve it” sọ ìparí ọ̀rọ̀ kan nù, ó sì di “we can approve it”. Àwọn olùwádìí tún ti rí i pé Whisper máa ń kọ odindi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ, pàápàá níbi tí àwọn ènìyàn bá ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá wá ṣe ìsọníṣókí àdàkọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sókè ojú-ìwé pé ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan, ẹni tí kò sí ní ìpàdé kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìyọ̀ǹda àti àwọn tí ó lè kà á

Ohùn ènìyàn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí Òfin Ààbò Détà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ń dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà, bí ìyọ̀ǹda onítọ̀hún. Ẹni tí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí i, láti ní kí a tún un ṣe, àti, ní àwọn ìgbà kan, láti ní kí a pa á rẹ́. Òfin náà tún ní ìlànà fún gbígbé détà kọjá ààlà orílẹ̀-èdè, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí àdàkọ ìpàdé bá lọ wà lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun. Ghana ti ní òfin tirẹ̀ láti 2012, ECOWAS sì ti fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ ní 2010.

Lójú iṣẹ́, ibi méjì ni ìyọ̀ǹda ti máa ń bọ́ sọnù. Ọ̀kan ni kàlẹ́ńdà: ẹ̀rọ adàkọ tí a bá so mọ́ kàlẹ́ńdà lè máa wọ gbogbo ìpàdé tí ó bá rí níbẹ̀, títí kan èyí tí a fi ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan tàbí èyí tí ẹnì kan ti ń ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ fún ọ̀gá. Bí alága bá sọ pé ó dìgbà, tí àwọn méjì dúró sẹ́yìn tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ibi kejì ni ibùdó àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Notion, ojú-ìwé tuntun máa ń jogún àṣẹ ojú-ìwé tí ó bí i: bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá lè ka ti òkè, gbogbo wọn ni yóò lè ka èyí tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sábẹ́ rẹ̀. A kò nílò olè kankan kí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó di ti ọjà; ó tó kí a ti yan àpò tí kò yẹ nígbà tí a ń ṣètò.

Kíkà àti gbígbà wọlé

Ojútùú tí ó dára jù ni kí a dá ìgbésẹ̀ akọ̀wé àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ. Kí ìsopọ̀ máa kọ àdàkọ sí àpò tí àwọn tí ó wá sí ìpàdé nìkan lè ṣí, kí àmì ìwé-tí-a-kò-tí-ì-kà sì wà lórí rẹ̀. Kí akọ̀wé tàbí ẹni tí a yàn ka á, kí ó fa ohun tí a pinnu yọ, iye owó, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí iṣẹ́ kan já lé lọ́wọ́, kí ó sì tẹ́tí sí ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí owó tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” bá wà. Ojú-ìwé kékeré yìí ni yóò lọ sí ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń kà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, kí a ṣí i sójú gbogbo ènìyàn, kí a béèrè àtúnṣe, kí ẹnì kan dábàá rẹ̀, kí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Notion àti Confluence ń tọ́jú ìtàn ojú-ìwé, wọ́n sì ń fi hàn ẹni tí ó yí i padà àti ọjọ́ tí ó ṣe é, nítorí náà àtúnṣe kò ní láti pa ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ọ̀ràn ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn kò tí ì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan fẹ́ kí a pa á rẹ́ ní kété tí àdàkọ bá ti jáde, nítorí pé ohun tí kò sí kò ṣeé jí. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti lọ, kò sí ohun tí a lè fi yanjú àríyànjiyàn nípa ohun tí ẹ̀rọ kọ, ẹni tí ẹ̀rọ ṣì gbọ́ ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ títí láé, èyí tí ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu di ohun tí a lè hú jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọ̀nà àárín tí ó bá òfin mu, tí ó sì rọrùn láti fi kọ́ ẹ̀rọ, ni kí a dá ohùn náà dúró títí di ọjọ́ tí ìpàdé kejì bá gba àkọsílẹ̀ wọlé, kí ẹ̀rọ sì pa á rẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.